Wárápá Gbọ́ Oògùn: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìjọ́ra

Àìsàn ọpọlọ ni

Wárápá kì í ṣe àfiṣe. Àìsàn ọpọlọ ni. Bí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí ara bá dàrú lójijì, ènìyàn lè ṣubú, kí ó máa gbọ̀n, kí ó fi eyín gé ahọ́n tàbí kí ó tọ̀ sára. Ọmọ mìíràn kì í ṣubú rárá: yóò kàn ranjú kalẹ̀ fúngbà díẹ̀, kò sì ní dáhùn bí a bá pè é. Ẹ má nà án pé ó ń ya ọ̀lẹ.

Lára ohun tó ń fà á ni ìrọbí tó pẹ́ débi pé ọmọ kò rí èémí mí, ibà tó dé ọpọlọ, àrùn yírùnyírùn, orí fífọ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, àti àrùn rọpárọsẹ̀. Nígbà mìíràn a kì í rí ìdí rẹ̀.

Kò ṣọ̀wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ará ìlú Igbó-Ọrà wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 fi hàn pé ó lé ní ènìyàn 5 nínú 1,000 tó ní in.

Kì í ranni

Itọ́ lásán ni ìfófó ẹnu aláìsàn. Ẹ lè nù ún, ẹ sì lè bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ìbẹ̀rù pé ó ń ranni ló ń jẹ́ kí a sá, tí ẹni tó ṣubú sínú iná tàbí omi kì í fi í rí ẹni fà á yọ.

Bí ó bá mú ènìyàn lójú yín

- Ẹ gbé e kúrò létí omi, nídìí iná, lójú irin tàbí lójú títì.
- Ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ẹ yí i kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.
- Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná.
- Ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè pani.
- Ẹ wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn tún dé kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ aláboyún, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ohun tí ẹ lè retí lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò

Dókítà tó sún mọ́ yín lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Láti 1912 ni wọ́n ti ń lo oògùn tí à ń pè ní phenobarbital, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí ìtọ́jú bá péye, nǹkan bí 70 nínú 100 aláìsàn lè máa gbé ayé wọn láìsí pé wárápá ń mú wọn.

Ìròyìn ẹni tó wà níbẹ̀ ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n jù. Àyẹ̀wò ọpọlọ lè má fi nǹkan kan hàn, kí wárápá sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ẹni tó rí i dání, tàbí fídíò orí fóònù.

Láàárín wa náà ni dókítà ti dàgbà. Ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù tiwa ti wọ òun náà lára. Dókítà tó mọ iṣẹ́ yóò fọwọ́ kan aláìsàn láìfòyà. Kò ní sọ fún un pé kí ó má lọ sí iléèwé, kí ó má ṣègbéyàwó tàbí kí ó má bímọ. Yóò fi oògùn kan bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí oríṣi oògùn méjì tí a lò dáadáa kò bá ràn án, ẹ ní kí ó kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà.

Oògùn lílò

Ojoojúmọ́ ni. Ẹ má dá a dúró lójijì, bí ara tilẹ̀ ti yá. Wárápá lè padà dé pẹ̀lú agbára. Obìnrin tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, torí oògùn wárápá tí à ń pè ní valproate lè ba ọmọ inú jẹ́.

Bí dókítà kan bá lé yín tàbí tí ó dójú tì yín, ẹ má padà sílé láìgba ìtọ́jú. Ẹ béèrè fún òmíràn. Ẹ̀tọ́ yín ni.