Àtọ̀húnrìnwá Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ojú lásán kò lè rí máítókọ́ńdíríà. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń fi ọ́síjìn tí a mí sínú sọ oúnjẹ tí a jẹ di agbára. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn, tí kì í sinmi, kún fún un. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa kò ní ẹyọ kan. Ibi tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé dé nìyí. Ó ń dùn mí, torí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an ni wọ́n ń fò.

Máítókọ́ńdíríà kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé. Lọ́dún 1967, Lynn Margulis, onímọ̀ ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Lynn Sagan nígbà náà, kọ ọ́ síwèé pé bakitéríà tó ń dá gbé ni baba ńlá rẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló gbé e mì tí kò sì dà. Ó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún kan tí wọ́n ti jọ ń gbé. Síbẹ̀, ilà ojú tí wọ́n kọ fún un nílé kò parẹ́. Ó ní DNA tirẹ̀, tó rí roboto bíi ti bakitéríà, jíìnì 37 péré ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ìyá ni ọmọ sì ti ń gbà á. Àwọn purotéènì tó ń ṣe fúnra rẹ̀ pàápàá, bí bakitéríà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn ló ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Bó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí mọ́tò gbá èèyàn, kí egungun itan rún, kí sẹ́ẹ̀lì bẹ́. Máítókọ́ńdíríà á dà sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ ara á rí ilà yẹn, wọ́n á ní bakitéríà ló wọlé. Ogun dé nìyẹn. Ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, ẹ̀dọ̀fóró lè wú. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń rí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀: gbogbo àmì kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọn kò ní bá kòkòrò kankan. Lọ́dún 2010, àwọn oníwádìí kan ní Boston kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn bá DNA máítókọ́ńdíríà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fara pa, ó sì pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ fíìfíì.

Ẹ má tìtorí èyí pè é ní ọ̀tá o. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ sẹ́ẹ̀lì, ara awọ ìta máítókọ́ńdíríà ni ìkéde ti ń jáde. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní MAVS ló wà níbẹ̀. Òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pèsè interferon, èyí tó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì àyíká lólobó. Zhijian Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dallas rí i lọ́dún 2005 pé bí wọ́n bá ṣí MAVS kúrò lára máítókọ́ńdíríà, iṣẹ́ rẹ̀ á dẹ̀ jọjọ. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn mẹ́dọ̀wú irú C náà kò gbẹ́yìn nínú ọgbọ́n yìí: ó ní purotéènì tirẹ̀ tó ń gé MAVS já kúrò lára máítókọ́ńdíríà, kí ìkéde má baà jáde rárá.