Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àlàyé lórí Àgbéyẹ̀wò Gbangba nínú Jọ́nà Akadá

Ìfáàrà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí jọ́nà akadá rí yóò mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí. Olóòtú yóò yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò lára iṣẹ́ náà, yóò fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ akẹgbẹ́ òǹkọ̀wé nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà, àwọn wọ̀nyí yóò kà á, wọn yóò sì kọ ìjábọ̀ tí olóòtú yóò gùn lé láti gba iṣẹ́ náà tàbí láti dá a padà. Òǹkọ̀wé kò ní mọ ẹni tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò náà kò sì gbọdọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Èyí ni àgbéyẹ̀wò akẹgbẹ́. Láti ìparí ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn jọ́nà kan lágbàáyé ti ń ṣí aṣọ tó bo ọ̀nà yìí díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni a pè ní àgbéyẹ̀wò gbangba níhìn-ín. Èròǹgbà wa ni láti ṣàlàyé rẹ̀, kí a sì sọ èyí tó bá ilé wa mu nínú rẹ̀ àti èyí tí kò tíì bá a mu.

Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bákan náà. Ìgbéga olùkọ́ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí jọ́nà bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá fún NCE ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tó wà nínú jọ́nà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tí a ti dán wò, láìmọ ẹni tó dán an wò, láìmọ bí ó ṣe dán an wò.

Àpẹẹrẹ kan láti Ìjọ́rà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọ bébà kan lórí Yorùbá tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń sọ ní Ìjọ́rà, Bàdíà àti Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó bá mọ agbègbè Àpápá yóò mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìjọ, ọmọ Urhobo àti ọmọ Ìgbò lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí gbogbo wọn sì máa fi Yorùbá bá ara wọn ṣeré ní àkókò ìsinmi. Yorùbá tó ń ti ibẹ̀ jáde ni mo gbà sílẹ̀ tí mo sì tú palẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ náà fi wà lọ́dọ̀ jọ́nà tí mo fi ránṣẹ́ sí. Èsì tó padà wá kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Kókó rẹ̀ ni pé ohun tí mo kọ sílẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Kò sí àlàyé, kò sí àpẹẹrẹ, kò sì sí ẹni tí mo lè bi léèrè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ ẹjọ́ tèmi náà.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún tẹ́tí sí ohùn àwọn ọmọ náà, mo rí i pé èmi pàápàá ní àṣìṣe. N kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọmọ tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ àti ọmọ tó jẹ́ pé àdúgbò ló ti kọ́ ọ. Láìsí ìyàtọ̀ yẹn, òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá ìyípadà inú èdè ni òun ń wò tàbí àṣìṣe ẹni tó ń kọ́ èdè kejì. Bóyá ohun tí olùyẹ̀wò rí nìyẹn. Bóyá òun sì kọ́. Bí ó bá kọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré, ǹ bá ti tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ìbòjú ti wá

Ọ̀pọ̀ gbà pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni àgbéyẹ̀wò ti rí báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Henry Oldenburg dá Philosophical Transactions sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1665, ìpinnu olóòtú ló ṣe pàtàkì jù. Nature, pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, kò sọ àgbéyẹ̀wò láti ìta di dandan fún gbogbo iṣẹ́ ìwádìí títí di ọdún 1973.

Nílé wa, ìdájọ́ onímọ̀ lórí iṣẹ́ onímọ̀ ti wáyé ní gbangba ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn ìjọ CMS pe ìpàdé sí Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì ni aṣíwájú wọn. Èyí kì í ṣe àgbéyẹ̀wò jọ́nà, ṣùgbọ́n a mọ àwọn tó ṣe é, a sì mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Nítorí pé ìpinnu náà wà lójú táyé, ó ṣeé ṣe fún Ayọ̀ Bámgbóṣé láti yẹ àkọtọ́ tó ti ibẹ̀ wá wò nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1965. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1966, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ “ayé” dípò “aiye”, tí a sì ń kọ “ẹyẹ” dípò “ẹiyẹ”. Bí àṣírí bá ni ìpinnu ọdún 1875, kí ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ì bá dáhùn sí?

Ohun tí à ń ṣí

Àgbéyẹ̀wò gbangba kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Nígbà tí Tony Ross-Hellauer kó àwọn oríkì tí àwọn onímọ̀ fún un jọ ní ọdún 2017, méjìlélọ́gọ́fà (122) ni ó rí. Nínú gbogbo rẹ̀, mẹ́ta ló jẹ wá lógún.

Àkọ́kọ́ ni ṣíṣí orúkọ: olùyẹ̀wò yóò fọwọ́ sí ìjábọ̀ rẹ̀. Jọ́nà àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọdún 1999. Èkejì ni ṣíṣí ìjábọ̀: ohun tí àwọn olùyẹ̀wò kọ àti èsì òǹkọ̀wé yóò jáde pẹ̀lú àpilẹ̀kọ. Àwọn jọ́nà ìṣègùn ti BioMed Central ń ṣe é láti ọdún 2000, BMJ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Nature sọ ọ́ di dandan fún gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tuntun tó bá gbà, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò lè fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ bí ó bá wù ú. Ẹ̀kẹta ni ṣíṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo onímọ̀ láti dá sí ọ̀rọ̀ kí a tó gba iṣẹ́ wọlé, bí Atmospheric Chemistry and Physics ti ń ṣe láti ọdún 2001. Ní Áfíríkà níbí, ẹgbẹ́ African Academy of Sciences bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2018: iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olùyẹ̀wò tó fi orúkọ sílẹ̀ yóò sì kọ ìjábọ̀ wọn sábẹ́ rẹ̀.

Ìjábọ̀ ṣáájú orúkọ

Èrò tiwa ni pé ìjábọ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013 jẹ́ ẹ̀rí fún èyí. Akọ̀ròyìn kan, John Bohannon, ṣe bébà èké lórí oògùn jẹjẹrẹ, ó kọ orúkọ àwọn onímọ̀ Áfíríkà tí kò sí láyé sí i (èyí kò dùn mọ́ wa nínú rárá), ó sì fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Jọ́nà 157 gbà á, 98 kọ̀ ọ́. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ 36 péré ni olùyẹ̀wò ti tọ́ka sí àléébù kan nínú ìmọ̀ iṣẹ́ náà, olóòtú 16 nínú ìwọ̀nyí sì tún gbà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló lè sọ pé àwọn ń ṣe àgbéyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ pé ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ jáde ni, ojú ewé òfìfo ì bá ti tú wọn fó.

Ti orúkọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí a sọ òótọ́ nígbà mìíràn. Nínú ìmọ̀ Yorùbá, àwọn tó lè dá ẹjọ́ bébà lórí fònẹ́tíìkì tàbí oríkì kò pọ̀, wọ́n sì mọ ara wọn; bí a bá yọ orúkọ kúrò, ìlò èdè àti ìtọ́kasí yóò ṣòfófó. Olùkọ́ kékeré wo ni yóò fọwọ́ sí i pé dátà ọ̀gá òun kò tó, nígbà tí ọ̀gá náà lè jókòó lórí ìgbéga rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Ìwádìí kan tí BMJ tẹ̀ jáde ní ọdún 1999 fi hàn pé bí a bá sọ fún olùyẹ̀wò pé òǹkọ̀wé yóò mọ orúkọ rẹ̀, ìjábọ̀ rẹ̀ kò burú sí i, kò sì dára sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀ láti yẹ iṣẹ́ wò pọ̀ sí i. Ní ilé tí olùyẹ̀wò ti ṣọ̀wọ́n, àdánù ńlá nìyẹn.

Ó sì yẹ kí a rántí pé fífi orúkọ òǹkọ̀wé pamọ́ ní èrè tirẹ̀. Ní ọdún 1982, Peters àti Ceci tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà: wọ́n mú iṣẹ́ 12 tí àwọn jọ́nà ìmọ̀ ẹ̀dá ti tẹ̀ jáde, wọ́n fi orúkọ àti ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rọ́pò ti àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó ni ín, wọ́n sì dá a padà sí jọ́nà kan náà. Mẹ́ta péré ni àṣírí rẹ̀ tú. Nínú mẹ́sàn-án tó kù, wọ́n kọ mẹ́jọ. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ̀wé láti Èkó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí láìjẹ́ pé a ṣàlàyé.

Síbẹ̀, àwa olùkọ́ mọ bí a ti ń fọwọ́ sí ìdájọ́. Nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, olùkọ́ yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní Ajégúnlẹ̀, yóò kọ àléébù akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìwé, yóò fún un ní máàkì, yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù kì í bà wá nígbà náà, nítorí pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa ni.

Ìtẹ̀jáde jọ́nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ń náni lówó, àwọn òǹkọ̀wé ló sì sábà máa ń dá owó náà. A kò lè ní kí wọ́n tún sanwó fún ojú ewé ìjábọ̀. Ṣùgbọ́n olóòtú lè tẹ ìdajì ojú ewé sẹ́yìn àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sọ ohun tí àwọn olùyẹ̀wò bèèrè àti ohun tí òǹkọ̀wé yí padà. Èyí tó kù lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tí a kọ̀, kí ìjábọ̀ rẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín pẹ̀lú ìdí, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta.

Mo ti padà sí Ìjọ́rà. Nínú àkọsílẹ̀ tuntun, mo kọ èdè ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn rẹ̀. Bébà náà wà lọ́dọ̀ jọ́nà mìíràn báyìí, mo sì ti kọ̀wé sí olóòtú pé, bí wọ́n gbà á, bí wọn kò gbà á, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi gbogbo ohun tí olùyẹ̀wò bá kọ ránṣẹ́ sí mi.