Oúnjẹ Eléèpo: Láti Ifangni dé Parakou pẹ̀lú Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ń lọ sí Yunifásítì Parakou, ohun méjì ni ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́. Èkíní ni àpò aṣọ kan tí ó di ẹ̀pà sísè, ẹyin sísè mẹ́fà, ọsàn àti ẹ̀kọ tútù sí. Èkejì ni ìkìlọ̀: "Má ṣe gba ohunkóhun jẹ lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀." Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Àjàṣẹ́ nígbà tí ó tún sáré wá sí ojú fèrèsé, tí ó ní: "Má sì ṣe jẹun níwájú ẹnikẹ́ni láì ké sí i o. A kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Mo ń ro ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí títí a fi kọjá Ekpè, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ojú ọ̀nà. Bí ó bá tọ́ kí n pe ẹni tí ó jókòó tì mí wá jẹun, tí kò sì tọ́ kí n jẹ nínú tirẹ̀, ṣé ìyá tirẹ̀ kò ti kìlọ̀ fún òun náà nípa mi ni? Ta ni yóò wá jẹ oúnjẹ ta ni?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò BAC bá ti jáde, àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ifangni, ní Ṣakẹ́tẹ́ àti ní Pobè a máa di ẹrù wọn, wọ́n a sì kọrí sí òkè. Láti Kútọnu dé Parakou lé ní 400 kìlómítà. Àwọn bàbá wa gba ojú irin rin ọ̀nà náà: ọdún 1936 ni ojú irin Kútọnu dé Parakou, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 438 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì ni àwa ń wọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà. Ẹni tí o kò rí rí ni yóò jókòó tì ọ́, èjìká sí èjìká, láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti rí ọ̀nà àbáyọ tí ó rọrùn: wọn a ki okùn fóònù bọ etí, wọn a kọjú sí fèrèsé, wọn a sì jẹ búrẹ́dì wọn ní kọ̀rọ̀. Kò sí ewu níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èdè wa ti bá ìṣòro yìí pàdé ṣáájú kí a tó bí wa. Ẹni tí ń jẹun yóò wí pé, "Ẹ wá jẹun." Ẹni tí a pè, bí kò bá ní jẹ, kò ní dáhùn pé "Rárá", yóò ní, "Yóò gba ibi ire." Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń pe ni ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹni tí a pè kọ oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n kò kọ ẹni tí ó ní oúnjẹ. Àdúrà ni ó fi dá a lóhùn. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí, kò sì sí ẹni tí ojú yóò tì. Ní èdè Faransé, "Bon appétit" ni ẹni tí ń wòran fi ń kí ẹni tí ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí Faransé tí a ń sọ ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín: ẹni tí ń jẹun gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí yóò ní, "Vous êtes invité." Àṣà wa ni ó wọ ẹ̀wù Faransé yẹn.

Ní Kútọnu, ìyá kan tí ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí ni ó wá jókòó tì mí. Mo kí i, ó kí mi, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Nígbà tí ebi dé, mo tú àpò mi, mo ní, "Ẹ wá jẹun, Ìyá." Ó dáhùn pé, "Yóò gba ibi ire, ọmọ mi." Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bu ẹ̀pà jáde, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́. Ó ní, "Fún mi níbẹ̀. Èyí tí Ọlọ́run dì fúnra rẹ̀, èmi ni n ó tú u." Ní Houègbo, òun náà pe ọmọbìnrin kan tí ń ta ọ̀pẹ òyìnbó, ó sì ní kí ó gé e lójú àwa méjèèjì. Mo jẹ nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ ìyá mi kò fọ́, ìwà ọmọlúàbí kò sì fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ oúnjẹ tí ó yẹ ọ̀nà jíjìn. Oúnjẹ eléèpo ni ó ṣáájú: ẹ̀pà sísè, ẹyin tí a kò tíì bó, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹni tí o fún ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó o, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ohun tí a rà lójú ẹni méjèèjì ni ó tẹ̀lé e, bí àgbàdo sísun tàbí ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹ̀kẹta ni ìpanu gbígbẹ tí kì í tètè bàjẹ́: àádùn, kókóró, róbó, kúlíkúlí. Àwọn wọ̀nyí kò ní èèpo. Nítorí náà, bù ú sí méjì, kí o sì kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ kí o tó na ìyókù sí ẹlòmíràn. Fi ẹja yíyan àti ọbẹ̀ sílẹ̀ nílé: òórùn ẹja kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀, ọbẹ̀ a sì máa kan nínú ooru. Ewé àti aṣọ ni kí o fi di ẹrù rẹ, torí láti ìparí ọdún 2017 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti lòdì sí àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà. Kí o sì rántí pé ẹni tí ó jókòó tì ọ́ lè máa gba ààwẹ̀, tàbí kí ohun tí o gbé dání jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti ní "Yóò gba ibi ire", má ṣe pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ a sì máa bọ́ ni. Allada ni ọ̀pẹ òyìnbó tí a ń pè ní "pain de sucre" ti ń wá, èyí tí ó máa ń pọ́n tí èèpo rẹ̀ yóò ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kúlíkúlí Agonlin, tí àwọn Fọn ń pè ní kluiklui, lókìkí káàkiri. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́rú, ẹ ó bá ọjà ńlá Glazoué. Bí ẹ bá sì ti ń sún mọ́ Parakou, ẹ ó rí wàgáṣì, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi ewé bọmubọmu dì, tí wọ́n sì ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa.

Ọ̀rọ̀ náà ní èèpo. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Má ṣe bi ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní iye tí ó ń gbà lóṣù, ìdí tí kò fi tíì bímọ, ilé ìjọsìn rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà. Ìwọ ni ó fẹ́ bó o nígbà náà. Béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣí dé ibi tí ó bá wù ú: "Kí ni ẹ ń pe èyí ní ìlú yín?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí gbé èmi àti ìyá náà láti Bohicon dé Ìdàáṣà. Àkàrà wa ni àwọn Fọn ń pè ní ata. Ẹ̀kọ wa ni Faransé ń pè ní akassa. Ọmọ Ṣábẹ ni ìyá náà, Parakou ni ó sì ti ń ṣòwò. Nígbà tí òkè Ìdàáṣà yọ, ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì, ó ní kí n dúró kí n rí òkè tiwọn ní Ṣábẹ ná. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá Ṣábẹ. Mo rò pé yóò ṣòro fún mi, àfi bí ẹni ń gbọ́ ohùn ìbátan tí ó ti pẹ́ lájò.

Ìwọ náà ní èèpo tìrẹ. Dárúkọ rẹ, sọ ìlú rẹ àti ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kọ́; ṣùgbọ́n má ṣe sọ iye owó tí ó wà lápò rẹ, tàbí ibi tí o ó sùn. Bí ẹnìkejì rẹ bá sì dákẹ́, tí ó pa ojú dé, jẹ́ kí ó sinmi. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìjà.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Parakou. Ẹni tí ó yẹ kí ó wá pàdé mi kò sí níbẹ̀, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Àyà mi já. Ìyá náà ti pe ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n ó dá a dúró, ó sì jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Kò ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sílé. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ nílé, èmi náà kìlọ̀ fún àwọn ọmọ mi. A ó jọ dúró níhìn-ín, níbi tí iná wà." Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó kó ẹ̀pà tí mo fún un lọ́sàn-án jáde, àwa méjèèjì sì ń pa á jẹ títí ẹni tí mo ń retí fi dé.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ má ṣe dáwọ́ ìkìlọ̀ náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọ yín ní ìkìlọ̀ kan kí ẹ gbàgbé èkejì. Ẹ sì di ẹ̀pà eléèpo fún un, kí ó tó ẹni méjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbéra lọ́dún yìí, ẹ yọ okùn etí yín fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ sì ké sí ẹni tí ó jókòó tì yín. Ọ̀nà á là o.