Ilé Ńlá Agbodrafo: Títún Ilé Àtijọ́ Ṣe Láì Pa Ẹ̀rí Rẹ̀ Rẹ́

Ní Agbodrafo, láàárín Lomé àti Aného, ilé ńlá kan wà nítòsí òkun. Nǹkan bí ọdún 1835 ni a kọ́ ọ. Wood Home ni orúkọ rẹ̀, nítorí oníṣòwò ará Skọ́tílándì kan, John Henry Wood.

Ní òde, ilé olówó ni: yàrá pọ̀ níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí i ká. Ṣùgbọ́n lábẹ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀, àyè kan wà tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà kan àtààbọ̀. Àgbàlagbà kò lè nàró níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àwọn ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé. Èéṣe tí wọ́n fi ń fi wọ́n pamọ́? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì ń ṣọ́ etí òkun.

Lónìí, àwọn àlejò ń wá wo ilé náà. Bí ẹnikẹ́ni bá di àyè ìsàlẹ̀ yẹn pa kí ilé lè dùn-ún wò, ẹ̀rí ti parẹ́ nìyẹn. Títún ilé àtijọ́ ṣe yàtọ̀ sí sísọ ọ́ di tuntun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Anié pẹ̀lú. Ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá ńlá kọ́ ṣì wà ní agbègbè Atakpamé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri wọn, wọ́n rò pé yóò lágbára sí i. Omi máa ń gòkè láti inú ilẹ̀ wọ inú amọ̀. Sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kí omi náà jáde. Amọ̀ á rọ̀ nínú, sìmẹ́ńtì á sì ya bọ́.

Kí ni ṣíṣe? Òrùlé ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe, kí òjò má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà, kí a la ojú omi jìnnà sí ìpìlẹ̀. Kí a yẹ igi wò nítorí ikán. Amọ̀ tí a fi koríko pò ni kí a fi dí ibi tí ó sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Kí a tó wó ilé bàbá, ó yẹ kí a bi àwọn àgbà ilé léèrè: ta ni ó kọ́ ọ, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ẹni tí ó ti mọ̀wé kọ lè kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.