Ìbọn kékeré fún oko: ẹ wá ìwé àṣẹ kí ẹ tó náwó

Ẹni tó bá fi owó ẹ̀yáwó dáko ló mọ ohun tí ọ̀yà lè bàjẹ́ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Nínú oko ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, nínú ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ọ̀yà ni wàhálà. Nínú oko kòkó, ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ kan tó ń dáko tà ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ fi máa ń ronú àtira ìbọn kékeré tí wọ́n ń pè ní .22.

Ìbọn yìí kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1887 ni ọta .22 Long Rifle ti wà ní Amẹ́ríkà. Ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀ wà ní etí ìdí ọta náà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, kì í ti èèyàn léjìká, owó ọta rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti ọta ńlá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yìn ín, àgèkù rẹ̀ kò ṣeé tún kì.

Ẹni tó ń wá èyí tí kò wọ́n, tó sì ń ba ibi tí wọ́n wò, kó kọ́kọ́ wo èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà kí ọta tuntun tó wọlé, irú CZ ti ilẹ̀ Czech tàbí Savage Mark II ti Amẹ́ríkà. Ruger 10/22, tó jáde lọ́dún 1964, ń gbé ọta tirẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi ọta ṣòfò. Lẹ́yìn èyí, kí onítọ̀hún dán oríṣi ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò, nítorí ọta tó bá ìbọn kan mu lè má bá òmíràn mu. Kó sì ṣírò owó ọta, owó awò tí wọ́n fi ń fojú sùn ún, àti owó àpótí onírin tí yóò máa tì í mọ́.

Ẹ má tìtorí pé ọta náà kéré fojú di í. Ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ oko ẹlòmíràn àti ọ̀nà kì í jìnnà síra ní Èkìtì.

Òfin ìbọn ọdún 1959 ló wá ṣe pàtàkì jù. Láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní irú ìbọn yìí lọ́wọ́. Ṣakabùlà pàápàá ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò lè rí i gbà. Oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìkan ló sì láṣẹ láti tà á. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìtọ́ lè san N20,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó jìyà méjèèjì pọ̀.

Ìṣirò òwò kan tún kù. Òru ni ọ̀yà sábà máa ń jẹko, ìbọn kì í sì í ṣọ́nà nígbà tí olówó rẹ̀ bá sùn. Ó máa ń sá pamọ́ sínú koríko tó ga. Fún oko éékà díẹ̀, kí wọ́n ro etí oko mọ́ gbalaja, kí wọ́n fi wáyà yí i ká, kí wọ́n sì bá ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ ṣàdéhùn, lè dín owó kù ju ìbọn lọ.

Ẹni tó bá ṣírò tán tó ṣì rí i pé ìbọn ló kàn, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Adó ni kó kọ́kọ́ lọ béèrè, kí kọ́bọ̀ kan tó kúrò lápò rẹ̀.