Èèyàn mélòó gan-an ló wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́?

Tí wọ́n bá bi yín ní Benson pé èèyàn mélòó ló ń gbé Ìkòròdú, ìdáhùn méjì ló wà nílẹ̀. Àjọ NPC tó ń kànìyàn fún ìjọba àpapọ̀ ní 535,619 làwọn kà lọ́dún 2006. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó ka tiẹ̀ lọ́tọ̀, ní rárá o, 689,045 ni. Ní Ẹ̀pẹ́, NPC ní 181,409. Èkó ní 323,634. Gbogbo ìpínlẹ̀ ńkọ́? NPC ní 9,113,605, Èkó ní 17,552,942.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Owó ni. Iye èèyàn wà lára ohun tí wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń pín owó ìjọba àpapọ̀, iye tí NPC gbé jáde ni wọ́n sì ń lò.

Wọn ò tíì kànìyàn mọ́ láti 2006. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún 2023, wọ́n sún un síwájú. Bẹ́ẹ̀, ilé ti kún ọ̀pọ̀ ibi tó jẹ́ oko nígbà náà.

Ẹ mọ èyí o: ní ti ìkànìyàn, àwọn tó jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan, ni ìdílé kan. Bí ayálégbé mẹ́jọ bá ń dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ilé kan, ìdílé mẹ́jọ ni wọ́n. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dáhùn fún gbogbo ilé, ìdílé méje lè sọnù. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí kálukú jáde wá sọ iye ará yàrá tiẹ̀.