Owó Ẹgbẹ́ àti Ìbò: Kí Ló Ń Mú Wa Fọwọ́ Sowọ́ Pọ̀?

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kò ṣàjèjì. Bí ẹgbẹ́ bá ní ká dáwó láti kó gọ́tà tàbí san owó ọlọ́dẹ, àwọn kan á san lọ́jọ́ náà, àwọn kan á ní, “Ẹ jẹ́ n tajà ná.” Bẹ́ẹ̀ ọlọ́dẹ kì í yọ ìsọ̀ ẹni tí kò san sílẹ̀ bó bá ń ṣọ́ ọjà lóru. Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ernst Fehr àti Simon Gächter, ní Zurich ní Switzerland, kó àwọn ènìyàn jọ ní mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sì fowó gidi dán wọn wò. Ọdún 2000 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣírò ó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní N1,000 lọ́wọ́. Iye tó bá wù ú ni yóò fi sápò ẹgbẹ́. Gbogbo N100 tó bá wọ àpò á di N160, wọ́n á sì pín in dọ́gba fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí gbogbo wọn bá dá N1,000, kálukú á gba N1,600. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá di tirẹ̀ mọ́wọ́, N1,200 ni àwọn mẹ́ta tó dáwó máa gbà, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹn á ní N2,200.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ dáwó dáadáa. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn kan ń jẹ lórí wọn, wọ́n ń fà sẹ́yìn títí àpò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìgbà tí wọ́n fàyè sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lè náwó ara rẹ̀ láti bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò dá, àpò kún padà, pàápàá níbi tí àwọn mẹ́rin kan náà ti jọ wà títí dópin.

Ṣùgbọ́n ìtanràn tó le jù ń tú ẹgbẹ́ ká. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ètò ọrọ̀ ajé, ní 2009, wo àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tó jọ ń lo omi kan náà. Ó rí i pé ẹgbẹ́ tó ń pẹ́ ni èyí tí àwọn tí òfin kàn ti lẹ́nu nínú ṣíṣe é, tí ìtanràn àkọ́kọ́ kéré kó tó máa le sí i, tí ẹni tó ń ṣọ́ òfin sì ń jíhìn fún ọmọ ẹgbẹ́.

Ìbò ńkọ́? Ẹ gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Bẹ̀nẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Kútọnu. Nígbà ìbò Ààrẹ ní 2001, Ọ̀jọ̀gbọ́n Leonard Wantchekon, ọmọ ibẹ̀, bá àwọn olùdíje gidi ṣàdéhùn. Wọ́n yan abúlé bí ẹni ta tẹ́tẹ́. Ní àwọn kan, ìlérí tó kan gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan ni wọ́n ṣe. Ní àwọn mìíràn, ìlérí “tiyín ni tiyín”: iṣẹ́ ìjọba fún ọmọ ìlú àti irú bẹ́ẹ̀. Ìlérí kejì ló fa ìbò jù. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: àwọn obìnrin fẹ́ràn ìlérí gbogbo ìlú ju àwọn ọkùnrin lọ! Ní 2006, wọ́n tún pe ìpàdé ìlú níbi tí àwọn ènìyàn ti jíròrò ètò olùdíje, agbára ìlérí ìkùn sì dínkù níbẹ̀.

Àwa náà ti gbọ́ “dìbò kó o sebẹ̀” nígbà ìbò Èkìtì ní 2018. Ọbẹ̀ ọjọ́ kan á tán, gọ́tà tó dí á ṣì wà níwájú ìsọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé nǹkan mẹ́ta lọ sípàdé: kí akápò máa ka orúkọ ẹni tó san àti ohun tá a fowó ṣe sétí gbogbo wa, kí àwa fúnra wa fohùn ṣọ̀kan lórí owó ìtanràn, kó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kí a sì jókòó bi olùdíje yòówù tó bá wá léèrè ohun tó máa ṣe fún ọjà kí a tó gba aṣọ rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.